Búrẹ́dì Kọkànlá

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń gbé pẹ̀lú obìnrin tí èèyàn kò lè purọ́ fún. Mi ò sọ pé kò dáa kí èèyàn purọ́ fún un o. Mo ní èèyàn kò lè ṣe é ni. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ títí ó fi sú mi. Tí mo bá ní mo lọ san owó iná, á béèrè rìsíìtì. Tí mo bá ní rìsíìtì ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà, á wo bátìrì fóònù mi, á wo erùpẹ̀ ara bàtà mi, á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo jókòó sí, pé bọ́ọ̀lù ni mò ń wò, pé góòlù méjì ni wọ́n sì jẹ ẹgbẹ́ tí mò ń tì lẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀ á sì rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Àkáńtàǹtì ni ìyàwó mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ìwé ìṣirò tó ti kú ni wọ́n ń gbé wá bá a: èyí tí iná jó, èyí tí omi wọ̀, àti èyí tí ọwọ́ ẹnìkan pa rẹ́ tí olúwa ẹ̀ wá ń sọ pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Á ṣa egungun wọn jọ títí wọ́n á fi dìde jókòó, tí wọ́n á sọ ohun tó pa wọ́n. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Tọpinpin, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Télọ̀ ni èmi. Yàrá iwájú ni mo ti ń ránṣọ, yàrá ẹ̀yìn ni òun ti ń tú àṣírí, kọ́tìnnì kan tí mo fọwọ́ ara mi rán ló wà láàárín wa. Lórí tábìlì ẹ̀, ẹ ó bá kọ̀ǹpútà méjì, wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn, gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àti àpótí dúdú kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Àpótí yìí ló ń jẹ́ kó ka inú ẹ̀rọ oníbàárà láì yí ohunkóhun padà níbẹ̀. Á kọ́kọ́ ṣe àdàkọ gbogbo ẹ̀. Àdàkọ ló máa ń tú, ojúlówó á wọ inú àpò, á sì lẹ ẹnu ẹ̀ pa. Ó ní ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ojúlówó, òun náà ti di ara àwọn afurasí.

Ó ṣàlàyé fún mi nígbà kan pé ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kì í sáré lọ síbì kankan. Orúkọ ẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ nínú ìwé àkójọ. Òun fúnra ẹ̀ ṣì jókòó sáyè ẹ̀, títí nǹkan mìíràn á fi wá jókòó lé e lórí. Mo ní ó yé mi. Bí ìlà ṣọ́ọ̀kì ṣe ń rí lára aṣọ dúdú nìyẹn: ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fọwọ́ nù ún, ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò á ṣì rí i. Inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé láti béèrè ṣéńjì ọjà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ó rántí lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ Ajé kan báyìí ni Bàbá Sítọ̀ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá yìí ló ń tọ́jú yàrá fúláwà ní ilé búrẹ́dì tó wà ní ìparí òpópónà wa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò níbẹ̀, ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Kóòtù aláwọ̀ eérú ló ní kí n rán fún òun fún ọjọ́ náà. Mo ti rán ara ẹ̀ tán, ó ku apá.

"Télọ̀, dáwọ́ dúró ná," ó ní. "Ó lè jẹ́ aṣọ ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa wọ̀ fún mi."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wo kóòtù náà. Mo fún un ní àga, ó sì rò fún mi. Màdáàmù tó ni ilé búrẹ́dì fẹ́ yá owó ní báńkì láti fi ra ààrò tuntun. Báńkì ní kí wọ́n yẹ ìwé ọdún mẹ́ta wò. Ọ̀dítọ̀ wá fi fúláwà tó jáde ní sítọ̀ wé búrẹ́dì tí wọ́n tà, ó rí i pé àpò mọ́kànlá ń jáde lójúmọ́, búrẹ́dì tó tó àpò mẹ́wàá péré ló wà nínú ìwé. Àpò kan ń pòórá lójoojúmọ́, Bàbá Sítọ̀ nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni báńkì ń padà bọ̀. Tí fúláwà kò bá tíì sọ ibi tó gbà kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n á lé bàbá dànù láì gba owó ìfẹ̀yìntì, ọlọ́pàá á sì bá a sọ ìyókù.

Inú bí mi. Bàbá tí kì í bẹ̀rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀ láì di ìbàdí mú, báwo ló ṣe máa gbé àpò fúláwà dé ẹnu géètì, ká má tiẹ̀ sọ pé lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màdáàmù ti pe ìyàwó mi. Ìyàwó mi kì í ṣe àjèjì sí wọn. Òun náà ló kó ìwé wọn sínú kọ̀ǹpútà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí bàbá Màdáàmù kú tí ó jogún iṣẹ́. Ìyá Tọpinpin sọ fún un pé ó dáa kí ó wá ẹlòmíì, ẹni tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Màdáàmù ní ẹlòmíì dà, ọjọ́ mélòó ló kù?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo gbé báàgì tẹ̀ lé e. Inú ilé búrẹ́dì gbóná, ara ògiri funfun fún fúláwà, ooru sì bo gíláàsì ojú mi bí mo ṣe wọlé tó jẹ́ pé òórùn nìkan ni mo fi ń mọ̀nà, ó sì ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ́fíìsì wà lókè. Màdáàmù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi aṣọ bò bí ẹni ń sùn, Bàbá Sítọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Àpò kan lójúmọ́!" Màdáàmù ní. "Ṣé eku ti ń gbé àpò báyìí ni?"

"Èènì ni, Màdáàmù," Bàbá ní. "Mo ti sọ ọ́. Tí wọ́n bá ra mẹ́wàá, a máa ń fi ọ̀kan lé e. Bí bàbá yín ṣe fi sílẹ̀ nìyẹn, ẹ ò sì ní ká má ṣe é mọ́."

"Ọ̀kan lórí mẹ́wàá? Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Inú kọ̀ǹpútà ni. Mò ń pè é, akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́, lójú mi báyìí."

Màdáàmù ṣí aṣọ lójú kọ̀ǹpútà, ó yí i sí wa. Búrẹ́dì mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n, pẹ̀lú iye owó wọn. Èènì kankan kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé tó sì ń tẹ̀ ẹ́ ti bá ọkọ ẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, nọ́ńbà ẹ̀ kò lọ mọ́. Bàbá wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà. Ó wo ìyàwó mi, ó la ẹnu, ó pa á dé.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ di ti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ìyá Tọpinpin kì í gba ẹ̀rí kan gbọ́; ó ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀rá búrẹ́dì ló kọ́kọ́ lọ. Ìwé tiwọn fi hàn pé ilé búrẹ́dì ń lo ọ̀rá ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kan búrẹ́dì ni wọ́n ń tà. Ẹni tó ń jí fúláwà gbé kò nílò ọ̀rá. Inú mi dùn, mo ti ń wá òwú láti fi rán apá kóòtù. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé agbẹjọ́rò á ní ọ̀rá ya, tàbí pé bàbá jí ọ̀rá náà pẹ̀lú.

Ẹ̀rí kejì, àwòrán ni. Obìnrin kan tó ní kíósì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ máa ń ya fọ́tò búrẹ́dì ẹ̀ láràárọ̀, á sì gbé e sórí fóònù kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé ó ti dé. Ìyàwó mi gba fọ́tò ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀, ó kọ àṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà pé kó máa ka orí búrẹ́dì. Kọ̀ǹpútà kà á, ó ka orí obìnrin náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n tún un kà, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ń jáde láràárọ̀. Ọgbọ̀n ló wà lórí rìsíìtì. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ní òun kì í rántí ohun tí òun rà lánàá, kí wọ́n má wá gbé òun dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku inú kọ̀ǹpútà ilé búrẹ́dì fúnra ẹ̀, ìyẹn àdàkọ ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Rú, àwọn ohun tí wọ́n ti pa rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ìlà kan, ìlà mẹ́wàá, títí wọ́n fi kún ojú ẹ̀rọ: ọjọ́, orúkọ ẹni tó rà á, iye búrẹ́dì, owó ẹ̀. Níbi tí owó wà, òdo, òdo, òdo ló ń kọ sísàlẹ̀.

"Èènì nìyẹn!" mo pariwo láti iwájú máṣíìnì mi.

"Ó lè jẹ́ pàǹtí," ó ní. "Òdo ni òdo. Bí akọ̀wé bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, irú ìlà báyìí náà ló ń fà. Mo nílò ọ̀kan péré nínú ẹ̀ tí mo lè fi hàn pé búrẹ́dì gidi ni, pé ẹnìkan jẹ ẹ́. Ta ló máa rántí búrẹ́dì ọ̀fẹ́ tó jẹ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo gbọ́ tó ń tẹ̀, tó ń to àwọn ìlà náà láti ti àkọ́kọ́ pàá. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkankan mọ́. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú obìnrin yìí mọ̀ pé ariwo ẹ̀ kò léwu. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀ ni kéèyàn sá fún.

"Olówó orí mi," ó ní. Kì í pè mí bẹ́ẹ̀ láìnídìí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́ ilé búrẹ́dì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra búrẹ́dì ká fi ta àwọn ará ilé lọ́rẹ. Bàbá Sítọ̀ gbé e wá, ẹ̀yin lẹ gbà á. Mélòó ni?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Ní oṣù yẹn gan-an ni dókítà ní kí n jìnnà sí búrẹ́dì nítorí ṣúgà, ìyàwó mi sì gba ọ̀rọ̀ dókítà bí ẹni gba òfin. Búrẹ́dì dé, ó gbóná, mo kà á, ó jẹ́ mọ́kànlá. Mẹ́wàá ló sọ fún mi pé òun san owó ẹ̀. Kí ló yẹ kí ọkùnrin tí ebi ń pa ṣe? Mo ki ìkọkànlá sábẹ́ àwọn àjákù aṣọ, mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró láì fi omi sí i. Mo gbá èérún ilẹ̀, mo sun ọ̀rá ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkigbà tó bá tú mi fó, màá fi ìyẹn tu ara mi nínú: ó kéré tán, ó ku ọ̀kan tí kò mọ̀.

"Mẹ́wàá ni," mo ní.

Ó fa kọ́tìnnì, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Nínú ìkíní: Àkáńtàǹtì, búrẹ́dì mẹ́wàá, pẹ̀lú owó tó san. Nínú ìkejì: Àkáńtàǹtì, búrẹ́dì kan, òdo. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà.

"Ìkejì yìí," ó ní, "ta ló jẹ ẹ́?"

"Bóyá akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì."

Mo wo ilẹ̀, mo wo abẹ́rẹ́, mo wo kóòtù bàbá tí kò lápá tó so kọ́ sára ògiri. Ó hàn sí mi nígbà náà pé tí mo bá dákẹ́, èmi ni mo rán ọkùnrin yẹn lọ sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀fun.

"Èmi ni," mo ní. "Mo jẹ ẹ́. Gbogbo ẹ̀. Ó dùn."

Mo ti gbé ejìká sókè de èébú. Àfi bí ìyàwó mi ṣe fò dìde tó dì mọ́ mi, tó ń lù mí lẹ́yìn bí ẹni ń gbọn ẹní. "Ọlọ́run á bù kún ọ̀fun yín! Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi! Ìlà òdo àkọ́kọ́ pàá, ẹ jẹ ẹ́!" Lẹ́yìn náà ló wá dá mi dúró, tó béèrè ibi tí mo gbé ọ̀rá ẹ̀ sí.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí ni, ẹ̀rín nìkan ni à bá fi sùn. Ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan tí kì í fi sílẹ̀ láé: ta ló pa á rẹ́? Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló rí i. Ẹnikẹ́ni kò jókòó pa á rẹ́. Àṣẹ kan ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta: ìlà tí owó ẹ̀ bá jẹ́ òdo, gbá a dànù. Orúkọ ẹni tó kọ àṣẹ náà wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ìyàwó mi ni.

Olè tí wọ́n ń wá kiri àdúgbò, abẹ́ òrùlé wa ló wà, kì í sì í ṣe èmi lọ́tẹ̀ yìí. Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti ń dà lójú ẹ̀. Ó ní òun ti rántí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ìlà òdo ń dí òun lọ́wọ́, òun kọ àṣẹ náà kí ìwé lè mọ́ tónítóní. Bàbá Sítọ̀ wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì òun, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn yẹn kì í ṣe òfìfo o." Òun kò tiẹ̀ gbójú sókè. Òun ní, "Bàbá, òdo ni òdo."

Mo gbà á nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn tí kò dáa. Mo ní kó kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà ló gbá a, kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá á bọ́, báńkì á lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí: ta ló máa gbé ìwé òkú wá fún ẹni tó pa á?

"Kọ̀ǹpútà kì í dá nǹkan ṣe," ó ní. "Kí ni mo máa ń sọ nípa ẹni tó bá fọwọ́ kan ojúlówó?"

Mo lọ rán apá kóòtù.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a pé márùn-ún ní ọ́fíìsì òkè: Màdáàmù, ọkùnrin báńkì, Bàbá Sítọ̀, ìyàwó mi, àti èmi nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Ó ka ìròyìn ẹ̀ ketekete. Ó ka ti ọ̀rá, ó ka ti fọ́tò, ó ka ti àwọn ìlà òdo. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí, ó kà á bó ṣe kọ ọ́: "Ọkọ mi, télọ̀, jẹ́wọ́ pé òun jẹ búrẹ́dì tó wà ní ìlà òdo àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí dókítà ti kà á léèwọ̀ fún un." Ọkùnrin báńkì fi ìwé bojú, ejìká ẹ̀ ń mì. Mo dìde, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ló ka ojú ìwé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó jẹ̀bi sí. Ó ka tiẹ̀, ohùn ẹ̀ kò gbọ̀n. Màdáàmù yọ gíláàsì lójú.

"Ìyá Tọpinpin, ẹ yọ ojú ìwé yẹn kúrò," ó ní. "Fúláwà ò sọnù, Bàbá ò jalè, ó tán. Iṣẹ́ yín ni mò ń rò."

"Ẹ ṣé, Màdáàmù. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa á rẹ́, ẹnìkan á padà wá rí i. Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wá a."

Ó yíjú sí Bàbá Sítọ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó kún fún fúláwà. "Bàbá, ẹ sọ fún mi nígbà náà. Mi ò gbójú sókè. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá fà á dìde pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi èkejì di ìbàdí mú. "Ọmọ mi, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Bí wọ́n ṣe ṣí kọ̀ǹpútà ni mo rántí."

"Ẹ ẹ̀ wá sọ?"

"Ta ló máa gba ẹni tí wọ́n ń pè lólè gbọ́, tó bá ní adájọ́ ló mú un? Mo ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀. Tó o bá dé ibẹ̀ tó o dárúkọ ara ẹ, mo bọ́. Tí o ò bá dárúkọ ara ẹ, a jẹ́ pé mo ti lọ nìyẹn." Ó nu ojú. "Mi ò sùn láti ọjọ́ náà, kí n má parọ́ fún ẹ."

Èmi náà nu ojú tèmi. Mo ní fúláwà ló kó sí i.

Báńkì yá wọn lówó ààrò. Oníbàárà méjì gbé iṣẹ́ wọn kúrò lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó dùn ún, kò sì fi pamọ́ fún mi. Nínú kọ̀ǹpútà ilé búrẹ́dì, ó ṣí àyè tuntun kan, ó kọ Èènì sórí ẹ̀, kò sì gba owó.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bàbá Sítọ̀ wá gbé kóòtù. Ó wọ̀ ọ́, ó yí po níwájú dígí, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ṣì ní ejìká. Ó san owó ẹ̀ pé. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo fa fìlà kan yọ tí mo fi àjákù kóòtù náà rán, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ní èló ni. Mo ní èènì ni.

Ìyàwó mi ti ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo sì mọ̀ pé yóò jáde. Ó jáde lóòótọ́, ó ṣí ìwé oníbàárà mi, ó mú bíírò. Lábẹ́ ìlà kóòtù, ó kọ ọ́ fúnra ẹ̀: fìlà kan, òdo. Lẹ́yìn náà ló fa ìlà sábẹ́ òdo náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àṣìṣe ni.